Agbégilódò: Ìtàn Ọkọ̀ Akẹ́rù 911 àti Ẹrù Orí Rẹ̀

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nọ́ńbà mẹ́ta péré ni ilé iṣẹ́ Mercedes-Benz kọ sára ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ojú mọ̀ dáadáa ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá: 911. Àwọn tó ń ṣòwò igi gẹdú ní Òrè àti agbègbè Òdìgbó kì í sábà pe nọ́ńbà yìí. Agbégilódò ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé orúkọ lásán ni 911. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ìwọ̀n ni nọ́ńbà náà, ìkìlọ̀ sì ni pẹ̀lú.

Ilẹ̀ Jámánì ni ọkọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Níbẹ̀ ni Gottlieb Daimler ti kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ akẹ́rù tó ń fi ẹ́ńjìnnì rìn ní ọdún 1896. Ní ọdún 1926, ilé iṣẹ́ Daimler àti ti Benz para pọ̀ di ọ̀kan. Láyé ìgbà náà, imú gígùn ni ọkọ̀ akẹ́rù máa ń ní, nítorí pé iwájú awakọ̀ ni ẹ́ńjìnnì máa ń wà. Nígbà tó di ọdún 1956, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ṣòfin pé ọkọ̀ akẹ́rù pẹ̀lú ọmọlẹ́yìn tó ń fà kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 14 lọ. Ọ̀ràn dé! Bí imú bá gùn, àyè ẹrù yóò kéré. Bí àyè ẹrù bá sì kéré, èrè yóò dín kù.

Àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ kan gbé awakọ̀ jókòó sórí ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì gé imú ọkọ̀ kúrò pátápátá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ìkọlù bá ṣẹlẹ̀, imú ọkọ̀ ni ààbò wọn. Ní ọdún 1959, ilé iṣẹ́ Mercedes-Benz wá ọ̀nà àárín: wọ́n ti apá kan ẹ́ńjìnnì wọ inú ilé awakọ̀, wọ́n fi apá kejì sí iwájú, wọ́n sì fi bónẹ́ẹ̀tì kúkúrú tó rí roboto bò ó. Ojú tí wọ́n fi ń dá Agbégilódò mọ̀ títí dòní nìyẹn.

Láti ọdún 1963 ni wọ́n ti ń fi nọ́ńbà sọ bí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ti tó. Nọ́ńbà tó ṣáájú ń sọ iye tọ́ọ̀nù tí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ lè wọ̀n lápapọ̀. Bí a bá fi 10 sọ èyí tó gbẹ̀yìn di púpọ̀, yóò sún mọ́ iye agbára ẹṣin tó wà nínú ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà, ìtumọ̀ 911 ni tọ́ọ̀nù 9 àti nǹkan bí agbára ẹṣin 110.

Kí ọkọ̀ yìí tó gbòde ní Nàìjíríà, Bedford tó ti Ìlú Ọba wá ló gba ojú ọ̀nà kan. Òun ni wọ́n kan pákó sí lára, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n sí níwájú, tí wọ́n sì ń pè ní bọ́lẹ̀kájà. Òrè sì jẹ́ oríta pàtàkì: ọ̀nà tó ti Èkó gba Ṣàgámù àti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Benin pàdé ọ̀nà tó ti Oǹdó lọ sí Òkìtìpupa níbẹ̀. Nítorí oríta yìí ni ogun fi le níbẹ̀ ní ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ dá ọmọ ogun Biafra tó ń bọ̀ láti Benin dúró. Títí di òní ni wọ́n ń fi ìjà Òrè ṣe àpèjúwe ohun tó bá le.

Ogun parí ní ọdún 1970. Owó epo rọ̀bì wọlé, ilé kíkọ́ pọ̀ sí i, gbogbo ènìyàn sì ń wá pákó. Igbó Olúwa àti àwọn igbó mìíràn ní agbègbè náà di ibi tí ọkọ̀ ń wọ́ lọ. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún. Ní ọdún 1977 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ ANAMMCO sílẹ̀ ní Emene lẹ́bàá Enugu láti máa to ọkọ̀ Mercedes-Benz. Leyland wà ní Ìbàdàn, Fiat wà ní Kano, Steyr sì wà ní Bauchi.

Ní Jámánì, àwọn ọkọ̀ tuntun ti ń gba ipò ọkọ̀ onímú kúkúrú láti ọdún 1973, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì ń ṣe é fún ilẹ̀ òkèèrè títí di àárín àwọn ọdún 1990. Kí ló dé tí kò kúrò ní Òrè? Èkíní, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní awo. Bí wọ́n bá ṣí bónẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ hàn kedere, mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà sì lè tún un ṣe láìsí ẹ̀rọ olówó ńlá. Èkejì, ẹgungun rẹ̀ le. Ẹ̀kẹta, náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1986, ọkọ̀ tuntun sì ga ju owó ọwọ́ oníṣòwò lọ. Tokunbo ló kù, tàbí kí wọ́n máa tún ògbólógbòó ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀mí nìyí. Bí wọ́n bá yọ ìwọ̀n ọkọ̀ fúnra rẹ̀ àti ti ara onípákó rẹ̀ kúrò nínú tọ́ọ̀nù 9, ohun tó kù fún ẹrù kò ju nǹkan bí tọ́ọ̀nù 5 lọ. Ìtì ìrókò tútù kan tó gùn tó mítà 5, tí ìdábùú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1, lè tó tọ́ọ̀nù 4. Ìtì kan péré nìyẹn! Bí wọ́n bá gbé ìkejì lé e, ọkọ̀ ti kọjá ìwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni ìtì mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í ṣe ohun àjèjì lórí Agbégilódò.

Àwọn kan yóò ní kò séwu, nítorí pé wọ́n ti fi sípírìǹgì kún sípírìǹgì. Òótọ́ ni pé ẹ̀yìn ọkọ̀ kò ní tẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n sípírìǹgì kì í dá ọkọ̀ dúró. Bíréèkì ló ń dá a dúró, bíréèkì kò sì pọ̀ sí i. Bí ọkọ̀ méjì bá ń sá eré kan náà, tí ọ̀kan sì wúwo ju èkejì lọ ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po méjì ni iṣẹ́ tí bíréèkì rẹ̀ yóò ṣe kó tó dúró. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bíréèkì yóò gbóná, kò sì ní mú mọ́. Ìgbà náà ni àwọn tó wà níwájú, tí wọn kò mọ nǹkan kan nípa igi gẹdú, yóò san gbèsè tí wọn kò jẹ.

Kò yẹ kí a dá awakọ̀ nìkan lẹ́bi. Ẹrù ni wọ́n fi ń ka owó fún un. Bí ó bá kọ̀ láti gbé ìtì kẹta, ẹlòmíràn yóò gbé e. Nítorí náà, ọwọ́ ẹni tó ni igi, ẹni tó ni ọkọ̀ àti àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, ni àtúnṣe wà. Kí olówó igi san owó ìrìn àjò méjì dípò kí ó di ẹrù ìrìn méjì lé ọkọ̀ kan lórí. Kí wọ́n máa wọn ẹrù láti inú igbó, kí ọkọ̀ tó bọ́ sí títì. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ti kọ ohun tí ó lè gbé sí i lára; iṣẹ́ tó kù ni kí àwọn tó ń di ẹrù lé e lórí kà á.