Owó Iṣẹ́ Kíkọ́: Ìlàlóye fún Òbí àti Ọ̀dọ́ ní Àgọ́ Aláyè, Orè àti Òdìgbó

Ọmọ Àgọ́ Aláyè tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ kò nílò láti rìn jìnnà. Títì márosẹ̀ Èkó sí Benin gba Orè kọjá, ọkọ̀ tó bá sì dákú lójú títì yẹn yóò wá mẹkáníìkì, rewáyà, wẹ́dà tàbí fọkanáísà dandan. Owó ló sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín òbí àti ọ̀gá: èyí tí wọ́n san lọ́jọ́ tí ọmọ wọṣẹ́, àti èyí tí wọ́n ní kí ọmọ mú wá kó tó gba fìrídọ̀ọ̀mù, ìyẹn àṣeyẹ ìparí iṣẹ́ kíkọ́.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Òfin Òṣìṣẹ́ ti ọdún 1974 kò dárúkọ iye tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ gbà. Òbí àti ọ̀gá ló ń dúnàádúrà lórí rẹ̀. Àmọ́ òfin náà sọ̀rọ̀ lórí àdéhùn. Òbí lè fi ọmọ tó ti lé ní ọdún 12, tí kò tíì pé 16, sẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́, bí ọmọ náà fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Ẹni tó ti pé 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè tọwọ́ bọ̀wé fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ kíkọ́ náà kò gbọdọ̀ ju ọdún 5 lọ. Inú ìwé ni àdéhùn gbọ́dọ̀ wà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òṣìṣẹ́ yìí yóò béèrè bóyá wọ́n fipá mú ọmọ, bóyá dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, àti ohun tí ọ̀gá yóò ṣe lórí owó ọmọ náà bí ọmọ bá ṣàìsàn.

Ká má parọ́, ọ̀pọ̀ àgírímẹ́ǹtì tí a ń kọ ní ṣọ́ọ̀bù kì í dé iwájú òṣìṣẹ́ ìjọba yìí ní Àkúrẹ́. Síbẹ̀, ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ ọjọ́ ìwọṣẹ́ àti ọjọ́ ìparí, gbogbo owó àti bí ẹ ó ṣe máa san án, ẹni tí yóò ra irinṣẹ́, ẹni tí yóò máa fún ọmọ lówó oúnjẹ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni ìnáwó fìrídọ̀ọ̀mù. Bí ọ̀gá bá ní ẹ ó kàn “ṣe nǹkan díẹ̀” lọ́jọ́ náà, ẹ ní kó ka díẹ̀ náà jáde: kérétì ọtí ẹlẹ́rìndòdò mélòó, ìrẹsì fún ènìyàn mélòó, èló ni owó ẹgbẹ́, èló ni ti sátífíkéètì. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú bébà kan náà, kí oníduró tẹ̀ka sí i, kí ẹ sì máa gba rìsíìtì.

Bí ọjọ́ bá ti pé

Ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ló ti parí iṣẹ́, ṣùgbọ́n tó ṣì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá láràárọ̀ torí pé owó fìrídọ̀ọ̀mù kò tíì pé. Òfin Òṣìṣẹ́ kan náà ní, bí ọ̀gá bá ṣì dá ọmọṣẹ́ dúró sọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí àsìkò àdéhùn ti pé, láìsí àdéhùn lórí owó iṣẹ́, ọmọ náà lẹ́tọ̀ọ́ sí iye tí wọ́n ń san fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ládùúgbò. Kò pọ̀ nínú òbí tó mọ èyí.

Owó tí ìjọba ń ná

Ọdún 1986 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ NDE, tó ń rí sí ìpèsè iṣẹ́, sílẹ̀. Nínú ètò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní NOAS, àjọ náà ń fi ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ó ń san owó ìkọ́ni fún ọ̀gá, ó sì ń fún ọmọ ní owó ọkọ̀. Ètò mìíràn wà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ tó kún fún irinṣẹ́ gbé iṣẹ́ lọ bá àwọn ará ìgbèríko. Àwọn abúlé Òdìgbó gan-an ni irú rẹ̀ bá mu.

Ní ọdún 2025, Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní TVET jáde: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, pẹ̀lú 22,500 náírà lóṣooṣù fún akẹ́kọ̀ọ́. NIN àti BVN ni wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀. Ẹ wo orúkọ inú méjèèjì dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí lẹ́tà kan ṣoṣo tó bá yàtọ̀ lè dá owó dúró.

Ẹ̀yin ọ̀gá náà, ọ̀rọ̀ yín wà níbẹ̀. Láti ọdún 1971 ni àjọ ITF, tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, ti wà. Ẹni tó bá ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìbáà ṣe ilé ìlagi, gbọ́dọ̀ máa san ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san lọ́dún fún àjọ náà. Bí ó bá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó lè gbà tó ìdajì padà. Ìdá 1 yẹn kì í ṣe ohun tí a ń yọ nínú owó ọmọṣẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù lórí èyíkéyìí nínú ètò ìjọba wọ̀nyí, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì NDE tó wà ní Àkúrẹ́. Ẹ mú NIN ọmọ, àgírímẹ́ǹtì àti rìsíìtì tí ẹ ti gbà dání.