Oyè Ẹlẹ́ẹ̀kejì Nínú Ìmọ̀ Ìṣàkóso Ìjọba: Ìwúlò àti Ààlà Rẹ̀ fún Òṣìṣẹ́ Ọba ní Ìlọrin

Ìfáárà

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí oyè ẹlẹ́ẹ̀kejì ní yunifásítì nínú ìmọ̀ ìṣàkóso ìjọba, èyí tí a gé kúrú sí M.P.A., àti ohun tí oyè náà lè ṣe, àti èyí tí kò lè ṣe, fún ẹni tí ó fẹ́ fi iṣẹ́ ọba jẹun ní Ìlọrin. Ìlọrin bọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí pé láti ọdún 1967 ni ojú ìlú náà ti rí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó lè dé bá iṣẹ́ ọba ní Nàìjíríà: dídá ìpínlẹ̀ sílẹ̀, pínpín òṣìṣẹ́, lílé òṣìṣẹ́, pípààrọ̀ orúkọ ipò àti dídá orúkọ náà padà sí ti àtijọ́. Èrò tí ó jẹ yọ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé kì í ṣe oyè náà fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ènìyàn di alákòóso. Àkókò tí ènìyàn lọ gbà á ni ó ń pinnu ohun tí yóò bá a mú bọ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ kan. Lójú ará ìlú, akọ̀wé ni gbogbo òṣìṣẹ́ ọba, láti orí ẹni tí ó ń to fáìlì títí dé orí akọ̀wé àgbà tí ó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ ìjọba kan. Iṣẹ́ ìwé ni àwọn ènìyàn ń rí; wọn kì í rí ìpinnu tí ó wà lẹ́yìn ìwé. Ìmọ̀ ìṣàkóso ìjọba sì ni ìmọ̀ nípa ìpinnu wọ̀nyẹn: bí a ti ń ṣètò ìnáwó ọdún, bí a ti ń gba òṣìṣẹ́ tí a sì ń bá a wí, bí òfin tí ó jáde ní ilé aṣòfin ti ń di omi ẹ̀rọ ní àdúgbò tàbí oògùn ní ilé ìwòsàn. Ó yàtọ̀ sí ìmọ̀ òṣèlú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé kan náà ni wọ́n ti jáde.

Bí oyè náà ti dé

Ní ọdún 1887 ni Woodrow Wilson, tí ó di ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, kọ àròkọ kan tí ó fi sọ pé ó yẹ kí ìṣàkóso ìjọba jẹ́ ẹ̀kọ́ tí ó dá dúró. Ní 1924, Yunifásítì Syracuse dá ilé-ẹ̀kọ́ Maxwell sílẹ̀ fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò gba ọ̀nà yẹn. Láti ìgbà ìròyìn Northcote àti Trevelyan ní 1854 ni wọ́n ti gbà pé ọ̀dọ́ tí orí rẹ̀ pé ni kí a fi ìdánwò mú, ohun yòówù kí ó kọ́ ní yunifásítì, kí iṣẹ́ sì kọ́ ọ ní ìyókù. Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Nàìjíríà ti gba iṣẹ́ ọba, ọwọ́ Amẹ́ríkà ni ó sì ti gba oyè tí a fi ń kọ́ ọ. Àtakò tí ó wà láàárín èrò méjèèjì yìí ni gbòǹgbò púpọ̀ nínú ohun tí ó tẹ̀lé e.

Ní Ìhà Àríwá àtijọ́, tí Ìlọrin wà lábẹ́ rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣàkóso tí ó wà ní Kongo ní Zaria ni a ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ọdún 1954 ni a dá a sílẹ̀. Ní 1962 ó di apá kan Yunifásítì Ahmadu Bello. Ní Ìhà Ìwọ̀-Oòrùn, Yunifásítì Ifẹ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1963. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé ni pé a kò dá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí sílẹ̀ nítorí ọ̀dọ́ tí ó ń wáṣẹ́. Ẹni tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń wá: akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, akápò, adájọ́ kóòtù ìbílẹ̀. Wọ́n ń kó ìṣòro ọ́fíìsì wọn wá sí kíláàsì, wọ́n sì ń kó ohun tí wọ́n gbọ́ ní kíláàsì padà sí ọ́fíìsì.

Àpẹẹrẹ tí ó dára jù lọ nínú irú ìrìn-àjò yìí ni ti Adébáyọ̀ Adédèjì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ètò ọrọ̀-ajé ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kí ó tó lọ gba oyè M.P.A. ní Harvard ní 1961. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, lẹ́yìn náà ni ó wá di olùkọ́ àti olùdarí ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣàkóso ti Ifẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ fi í ṣe kọmíṣánnà fún ètò ọrọ̀-ajé àti àtúnkọ́ ìlú ní 1971; láti 1975 títí di 1991, òun ni olórí àjọ ọrọ̀-ajé Áfíríkà ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Addis Ababa. A kò lè sọ pé oyè Harvard ni ó gbé e dé gbogbo ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wọ Harvard, ó ti mọ ohun tí ó fẹ́ lọ bèèrè, nítorí pé ó ti jókòó nídìí fáìlì rí.

Ìlọrin láti 1967

Ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, 1967 ni ìjọba Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ méjìlá, tí Ìlọrin sì di olú-ìlú èyí tí a wá mọ̀ sí Kwara. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin, 1968 ni àwọn ìpínlẹ̀ tí ó jáde lára Àríwá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní tiwọn. Àwọn ọmọ Ìlọrin àti Kabba tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Kaduna kó ẹrù wọn wálé. Ìjọba tuntun nílò olórí fún gbogbo ilé iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbéga sì yá. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ènìyàn lè di ọ̀gá kí ó tó ní àyè láti kọ́ iṣẹ́ ọ̀gá. Bí ó bá sì fẹ́ kọ́ ọ, yóò fi Ìlọrin sílẹ̀ lọ sí Zaria tàbí Ifẹ̀, nítorí pé ọdún 1975 ni a dá kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì sílẹ̀ ní Ìlọrin, lábẹ́ Ìbàdàn, tí ó sì dá dúró ní 1977.

Láàárín àkókò yìí ni ìgbìmọ̀ Udoji gbé ìròyìn rẹ̀ jáde, ní 1974. Bí a bá bèèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kan ní ọjà Ọjà-Ọba ohun tí Udoji jẹ́, owó ni yóò sọ: àlékún owó oṣù ti 1975, tí gbogbo nǹkan fi gbówó lórí. Ó dunni pé owó náà ni ìlú rántí. Ìgbìmọ̀ náà sọ ohun tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ: pé kí a fi èso iṣẹ́ wọn òṣìṣẹ́, pé kí a to gbogbo iṣẹ́ ọba sí ìpele 17, àti pé kí onímọ̀ ẹ̀rọ tàbí dókítà lè di olórí ilé iṣẹ́ ìjọba, kí ipò náà má jẹ́ ti akọ̀wé nìkan. Bí a bá gba èyí, ìṣàkóso di ìmọ̀ tí ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ kọ́, oníṣègùn tàbí akọ̀wé. Ìròyìn yẹn sì ni ìdáláre tí ó lágbára jù fún oyè M.P.A. ní Nàìjíríà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìjọba Murtala, ní 1975, lé òṣìṣẹ́ tí ó ju 10,000 lọ. Ẹ̀kọ́ tí àwọn tí ó ṣẹ́kù kọ́ nínú èyí ni pé ìwé ẹ̀rí kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Ní 1988, ìjọba Babangida pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ dúró sí ilé iṣẹ́ kan, kí ó di ọ̀mọ̀ràn níbẹ̀, wọ́n sì yí orúkọ akọ̀wé àgbà padà sí olùdarí àgbà. Ìgbìmọ̀ Ayida, tí a gbé kalẹ̀ ní 1994, dá a lámọ̀ràn pé kí púpọ̀ nínú ìyípadà náà padà sí bí ó ti wà. Orúkọ akọ̀wé àgbà sì padà. Ẹni tí ó fi iṣẹ́ ọba ṣe ọ̀nà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìlànà lè yí lẹ́ẹ̀mejì kí òun tó fẹ̀yìn tì.

Ìṣírò ọdún

Ìlànà iṣẹ́ ọba ti ìjọba àpapọ̀ rọrùn láti ṣírò. Ìpele kẹjọ ni ẹni tí ó ní oyè àkọ́kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ dé ìpele kẹrìnlá, ó kéré tán yóò lo ọdún mẹ́ta lórí ìpele kọ̀ọ̀kan. Lórí ìkẹẹ̀ẹ́dógún àti ìkẹrìndínlógún, ọdún mẹ́rin mẹ́rin. (Ìpele kọkànlá kò sí; láti ìkẹwàá ni a ti ń fò bọ́ sí ìkejìlá, ohun tí kì í yéé ya àlejò lẹ́nu.) Bí kò bá kùnà nínú ìdánwò kankan, tí àyè sì ń ṣí sílẹ̀ fún un nígbà gbogbo, yóò lo ọdún 26 kí ó tó dé ìpele 17. Ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ọgọ́ta ọdún ọjọ́ orí, èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé, ni yóò sì lé e wálé.

Kò sí ibi kankan nínú ìṣírò yìí tí M.P.A. ti gé ọdún mẹ́ta kúrú. Ọ̀dọ́ tí ó jáde nínú ìsìnlú, tí kò ríṣẹ́, tí ó wá fi ọdún méjì gba oyè yìí nítorí kí ọwọ́ rẹ̀ má baà dilẹ̀, ń ná nínú ọdún iṣẹ́ rẹ̀ ni bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ti ń lọ sókè. Ẹni tí ó wọṣẹ́ ní ẹni ọdún 36 kò lè dé ìpele 17, àfi kí òjò iṣẹ́ ìyanu rọ̀, nítorí ọdún 24 péré ni ó ní. Akọ̀wé àgbà tilẹ̀ kọjá ìṣírò: òfin ìpìlẹ̀ 1999 fi yíyàn rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà.

Ta ni oyè náà wá wúlò fún? Ẹni tí ó wà ní ìpele kẹsàn-án sí ìkejìlá ni. Ó ti lo ọdún díẹ̀. Ó ti mọ bí ìwé owó ìfẹ̀yìntì ṣe ń sọnù láàárín tábìlì méjì. A kò sì tíì gbé e dé ibi tí kò ti ní àyè láti kàwé mọ́. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn ni kíláàsì nílò. Nígbà tí olùkọ́ bá ń ṣàlàyé ètò ìnáwó, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti rí i tí ìwé ètò ìnáwó kọjá níwájú rẹ̀ tí owó kò sì tẹ̀lé e yóò bèèrè ìbéèrè tí kò sí nínú ìwé kankan.

Nísinsìnyí tí irú ẹ̀kọ́ yìí ti wà ní Ìlọrin fúnra rẹ̀, òṣìṣẹ́ lè kọ́ ọ láìkúrò nílé. Ó dára fún ìdílé àti fún àpò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ọ́fíìsì dé kíláàsì ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú oorun lójú kò rí ohun tí ẹni tí ó lọ gbé ní Kongo rí: àwọn akọ̀wé láti agbègbè mìíràn, tí ìṣòro wọn kò jọ tirẹ̀.

Ohun kan kù tí ó kan àwọn onímọ̀ èdè ju àwọn onímọ̀ ìṣàkóso lọ. Ní ayé amúnisìn, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí a rán wá sí Àríwá ní láti yege nínú ìdánwò èdè Haúsá, èyí tí kò tó láti fi gbọ́ ohun tí àgbẹ̀ ará Ìlọrin ń sọ, nítorí Yorùbá ni àgbẹ̀ náà ń sọ. Lónìí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ M.P.A. láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ kọ ìwé àṣekágbá nípa owó omi ní Asà tàbí ní Òkè-Ẹ̀rọ́ yóò to ìbéèrè rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ń pọn omi, yóò tú u sí Yorùbá lórí ìdúró, yóò gbọ́ èsì ní Yorùbá, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì ni yóò wà nínú àfikún ìwé náà. Ohun tí ó sọ gan-an fún ìyá tí ó gbé garawa lórí, yálà «owó orí» ni ó pè é ni tàbí «owó omi», kò ní sí nínú àkọsílẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni èsì tí ìyá náà fún un dúró lé.