Bàálù ogun wa tètè dé Kútọnu, ṣùgbọ́n ta ló ti ilẹ̀kùn ìbò pa?

Tẹ́ ẹ bá dúró lábẹ́ bíríìjì Sángo láàárọ̀, ohùn àwọn agbèrò lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́: "Àtàn! Ọ̀wọ̀dé! Ìdí-Ìrókò, wọlé!" Ọ̀nà tí wọ́n ń pè yẹn gba iwájú àwọn ilé iṣẹ́ Ọ̀tà kọjá, ó gba Ìjú, ó gba Àtàn, ó sì lọ títí dé ẹnubodè. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá ẹnubodè, Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo ló kàn, lẹ́yìn ìyẹn, Kútọnu. Kò sí òkun láàárín wa, kò sí aṣálẹ̀. Nígbà tí ìjọba Buhari ti ẹnubodè lọ́dún 2019, oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni Ìdí-Ìrókò tó ṣí padà. Ọlọ́jà, awakọ̀, lébìrà tó ń já ẹrù, gbogbo wọn ló jẹ nínú ìyà náà. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà fún ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ òṣèlú orílẹ̀-èdè Benin ò kan ará Ọ̀tà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá, ọdún 2025, àwọn ṣọ́jà kan bọ́ sórí tẹlifíṣàn ìjọba Benin, wọ́n ní àwọn ti gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Patrice Talon. Ọ̀gágun Pascal Tigri ni wọ́n pè ní olórí wọn. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, bàálù ogun Nàìjíríà ti wọ òfurufú Benin. Ilé iṣẹ́ Ààrẹ ní Abújá sọ pé ìjọba Benin ló kọ̀wé bẹ̀ wá, àti pé àwọn bàálù náà ló bá wọn lé àwọn ọlọ̀tẹ̀ kúrò ní ilé tẹlifíṣàn àti ní bárékè tí wọ́n sá lọ. Nígbà tó fi máa di alẹ́, Talon fúnra rẹ̀ ti jáde sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì gbóná lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ní, "Nàìjíríà, ẹ̀gbọ́n Áfíríkà!" Àwọn kan ní, "Ilé wa ń jó, a ń lọ pa iná ilé aládùúgbò." Mo ka ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, mo sì rí i pé bàálù ni gbogbo wọn ń wò. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló béèrè ohun tó kó igi iná náà jọ. Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ìwé òfin ìdìbò Benin ni mo wá lọ.

Ẹ jẹ́ ká ka òǹkà yìí pa pọ̀. Òfin ìdìbò tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2024 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ du ipò ààrẹ gbọ́dọ̀ gba ìbuwọ́lùwé ìdá 15 nínú 100 àwọn aṣòfin àti àwọn olórí ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní méyọ̀. Aṣòfin jẹ́ 109, méyọ̀ jẹ́ 77. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, ìbuwọ́lùwé 28 ni. Les Démocrates, ẹgbẹ́ alátakò tó lágbára jù, ní aṣòfin 28 géérégé. Ẹnì kan nínú wọn yí padà, ó ní òun ò fọwọ́ sí i mọ́. Ó ku 27. Àjọ elétò ìdìbò wọn ní Renaud Agbodjo, olùdíje ẹgbẹ́ náà, ò kún ojú ìwọ̀n. Nígbà tó di ọjọ́ 27, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ilẹ̀ wọn fọwọ́ sí i. Bí ẹgbẹ́ alátakò tó tóbi jù ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú ìdìbò ààrẹ tí wọ́n fi sí ọjọ́ 12, oṣù Kẹrin, ọdún 2026 nìyẹn. Ìbuwọ́lùwé ẹyọ kan ṣoṣo! Ọjọ́ 41 lẹ́yìn náà, ṣọ́jà ti wà lórí tẹlifíṣàn.

Mi ò sọ pé òfin yẹn nìkan ló bí ìdìtẹ̀ yẹn. Ohun táwọn ṣọ́jà náà fúnra wọn kà sílẹ̀ ni ètò ààbò tó dẹnu kọlẹ̀ ní àríwá Benin, ìdílé àwọn ọmọ ogun tó kú tí wọ́n ní ìjọba gbàgbé, àti ìgbéga tí wọ́n ní kò lọ bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ ààbò yẹn kì í ṣe irọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ìjọba Benin fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àwọn agbésùnmọ̀mí pa ọmọ ogun 54 ní ìkọlù ẹyọ kan. Àmọ́ níbi tí ìdìbò bá ti ṣí sílẹ̀, olùdíje ló máa ń gbé irú ẹ̀dùn ọkàn bẹ́ẹ̀ lọ sórí pẹpẹ ìpolongo, tí á ní, "Ẹ dìbò fún mi, màá tún un ṣe." Tí olùdíje yẹn ò bá rí ọ̀nà wọlé, ta ló kù tí yóò gbé e? Ẹni tó ní ìbọn ni.

Kì í sì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2019, ẹgbẹ́ méjì péré ló rí àyè du ipò aṣòfin ní Benin, àwọn méjèèjì ló sì wà lẹ́yìn Talon. Lọ́dún 2021, nígbà tí àwọn alátakò tún bọ́ sílẹ̀ nínú ìdìbò ààrẹ, ìwọ́de bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣábẹ́, ìlú Yorùbá tí àwọn Faransé ń kọ ní Savè. Èèyàn kú níbẹ̀ nígbà tí àwọn ṣọ́jà yìnbọn. Ọmọ ìyá wa ni wọ́n. Ẹ tún wo ti oṣù Kínní ọdún 2026: òfin ní ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ rí ìjókòó kankan gbọ́dọ̀ ní ìdá 20 nínú 100 ìbò ní ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ẹkùn ìdìbò jẹ́ 24. Ẹgbẹ́ méjì tó wà lẹ́yìn ìjọba pín gbogbo ìjókòó 109 láàárín ara wọn. Les Démocrates ní nǹkan bí ìdá 16 ìbò jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Ìjókòó mélòó ni wọ́n gbà? Òdo.

Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba lè ní, "Ṣebí àwọn Faransé náà ń béèrè ìbuwọ́lùwé?" Òótọ́ ni. Ní Faransé, 500 ìbuwọ́lùwé ni olùdíje gbọ́dọ̀ ní. Ṣùgbọ́n àwọn tó lè fọwọ́ sí i lé ní 40,000, wọ́n sì wà káàkiri ẹgbẹ́ gbogbo. Tí àwọn tó lè fọwọ́ sí i bá jẹ́ 186 péré, tó sì jẹ́ pé èèyàn ìjọba ló pọ̀ jù nínú wọn, ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi: sẹ́ńtà ìdánwò ni àbí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti tì? Òfin lè pé lójú ìwé kó má pé lójú ọmọ aráàlú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Ìjọba ológun kì í ṣe oògùn. Àwa tí a wá láti ìpínlẹ̀ MKO Abíọ́lá kò ní láti lọ kọ́ èyí níta. Ìbò tí a dì ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, ọdún 1993, ológun ló fagi lé e. Níjẹ̀r tó gbàjọba ní oṣù Keje ọdún 2023 ní tìtorí ààbò, agbésùnmọ̀mí ò tíì kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, mo gbà pé ó dáa bí ìdìtẹ̀ Kútọnu ò ṣe yọrí. Ohun tí mò ń sọ ni pé bàálù lè lé ṣọ́jà kúrò ní ilé tẹlifíṣàn, àmọ́ kò lè bá ẹnikẹ́ni ṣí ilẹ̀kùn ìbò.

Ṣé òfin tiwa fàyè gba bí Ààrẹ Tinubu ṣe rán bàálù? Mo rí i pé àwọn kan ń jà lórí èyí. Abala 5 nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ló sọ ọ́. Ààrẹ ò gbọ́dọ̀ rán ọmọ ogun lọ jà lókè òkun láìjẹ́ pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n tí ewu bá ti dé ẹnu ọ̀nà wa, tí Ààrẹ sì fi ọ̀rọ̀ lọ ìgbìmọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè, ó lè rán wọn lọ ná, kó sì wá àṣẹ àwọn sẹ́nétọ̀ láàárín ọjọ́ méje. Ọjọ́ Àìkú ni bàálù gbéra, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 9, ni àwọn sẹ́nétọ̀ fọwọ́ sí i pé kí ọmọ ogun lọ. Ọjọ́ méje ò tíì pé. Ẹ rántí pé lọ́dún 2023, nígbà tí ọ̀rọ̀ Níjẹ̀r gbóná, àwọn sẹ́nétọ̀ yìí náà ló sọ fún Ààrẹ pé kó lọ fi ọgbọ́n òṣèlú yanjú ẹ̀. Ìyẹn ni pé agbára yẹn kì í ṣe ẹnu lásán. Ẹni tí Adó-Odò/Ọ̀tà, Ìpókíá, Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n àti Yewa bá rán lọ sí ilé yẹn, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú bóyá ọmọ yín yóò lọ jagun tàbí kò ní lọ. Ṣé ẹ ti rí i pé ìbò sẹ́nétọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrẹsì àpò kan?

Ó wá ku ti ilé. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025, agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì CAC ní Èrúkù, ìpínlẹ̀ Kwara, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó èèyàn 38 lọ. Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n tó gba ìtúsílẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, Ààrẹ kéde pàjáwìrì lórí ètò ààbò, ó ní kí iye ọlọ́pàá tuntun tí wọ́n fẹ́ gbà di 50,000, ó sì ní kí àwọn aṣòfin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀. Ọjọ́ 11 lẹ́yìn ìkéde yẹn ni bàálù wa wà lókè Kútọnu.

Kí ló mú kí ti Kútọnu yá báyẹn? Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó ní àṣẹ ló pàṣẹ, ẹni tó pè wá sì ní àṣẹ láti pè. Ẹ fi wé tilé. Abala 214 ní ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà ní Nàìjíríà. Abala 215 ní gómìnà lè pàṣẹ fún kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ rẹ̀, àmọ́ kọmíṣọ́nà lè ní kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ gbọ́ láti Abújá. Ọmọbìnrin tó ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ láago mẹ́fà ìdájí ní ilé iṣẹ́ l'Ọ́tà, tó ń wá ọkọ̀ lọ sílé, ẹ̀rù ń bà á. Kò mọ Abala 215, àmọ́ òun ló ń san owó rẹ̀. Àwọn So-Safe àti Àmọ̀tẹ́kùn ń gbìyànjú, ká má purọ́, ṣùgbọ́n lójú òfin ilẹ̀ wa, wọn kì í ṣe ọlọ́pàá.

Tí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ bá máa dúró, òfin ilẹ̀ la máa tún ṣe. Abala 9 ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì ní Abújá gbọ́dọ̀ gbà, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 sì gbà pẹ̀lú. Abẹ́òkúta wà nínú òǹkà yẹn. Adó-Odò/Ọ̀tà ní ìjókòó méjì níbẹ̀. Àwọn mélòó nínú wa l'Ọ́tà ló mọ orúkọ àwọn tó jókòó síbẹ̀? A mọ orúkọ Tigri, a mọ ti Talon, a ò mọ ti ẹni tó máa gbé ọwọ́ sókè lórí ààbò àdúgbò wa.

Mo sì ń bẹ̀rù ohun kan. Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ tí gómìnà bá ní, níbi tí alátakò ò ti ní ọ̀nà, yóò di ọmọ ogun ẹgbẹ́ òṣèlú kan. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ààbò àti ti òfin ìdìbò fi jẹ́ ìbejì. Ẹni tó bá fẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ òfin ìdìbò pẹ̀lú.

Tiwa kò tíì bàjẹ́ tó ti Benin, a sì ní ohun tí a lè fi yangàn. Ní ọjọ́ 16, oṣù Karùn-ún, ọdún 2006, àwọn sẹ́nétọ̀ da àtúnṣe òfin tó lè fún Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ní sáà kẹta nù, Bàbá sì padà sí oko wọn l'Ọ́tà níbí. Lọ́dún 2018, òfin dín ọjọ́ orí ẹni tó lè du ipò aṣòfin ìpínlẹ̀ kù láti 30 sí 25. Ilẹ̀kùn tó ṣí nìyẹn. Àmọ́ ilẹ̀kùn lè máa padé díẹ̀díẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ariwo. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ìkànnì tí INEC ń gbé èsì ìbò sí kì í ṣe ibi àkójọ èsì. Ohun tí òfin kọ la máa gbà, kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣèlérí lórí rédíò.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ̀ ń kà á lórí fóònù, nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ tún òfin ìdìbò ṣe, ẹ má béèrè nípa BVAS nìkan. Ẹ béèrè ẹni tí òfin náà gbà láyè láti díje, iye owó fọ́ọ̀mù, àti ẹni tó lè fi ìbuwọ́lùwé kan lé alátakò kúrò. Ẹ sì gbé káàdì ìdìbò yín wá sí ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé. Òfin ìdìbò wa ní èèyàn lè forúkọ sílẹ̀ níbi tó ń gbé, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, tàbí níbi tó ti wá. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ l'Ọ́tà, tí káàdì rẹ̀ ṣì wà ní Ìlọrin tàbí Àkúrẹ́, tí kò sì lè rìn lọ́jọ́ ìbò, ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

Tí a bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó mú ìwé ìbò lọ́wọ́, ẹni tó mú ìbọn lọ́wọ́ á gba ojú fèrèsé wọlé. Benin ti rí i. Ọ̀nà Ìdí-Ìrókò kò sì jìnnà.