Wèrèpè Tó Lé Ẹ̀kan Kúrò Lóko

Ilẹ̀ kì í wà lófìfo. Bí àgbẹ̀ bá kórè tán tí kò gbin nǹkan mìíràn sí i, èpò ni yóò gbà á. Ọ̀pọ̀ hóró èpò ló fara pamọ́ sínú erùpẹ̀, tí kò ní hù àfi bó bá rí ìmọ́lẹ̀. Ìgbà tí a bá fi ọkọ́ yí ilẹ̀ ni wọ́n ń rí i. Irúgbìn tó bá nà bo ilẹ̀ ló lè dí wọn lọ́nà.

Àwọn àgbẹ̀ agbègbè Mono, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, rí èyí fúnra wọn. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, èrò ti pọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ kò rí ìsinmi mọ́, ẹ̀kan sì ti bo oko. Ọ̀tá burúkú ni ẹ̀kan! Ìtàkùn rẹ̀ ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú débi pé ó ń gún iṣu wọnú. Bí a bá ro ó, ègé tó bá kù yóò tún hù. Bí a bá sun ún, ewé nìkan ló ń jó.

Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ wá mú irú wèrèpè kan tí kì í yún ni wá. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni kí ó dá ọ̀rá ilẹ̀ padà, nítorí ẹbí ẹ̀wà ni, ó sì ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́. Àwọn àgbẹ̀ kíyè sí ohun mìíràn: ibi tí wèrèpè bá bò, ẹ̀kan ń kú, torí kò lè gbé abẹ́ ibòji. Ìdí tí wọ́n fi gbà á nìyẹn. Nígbà tó fi di 1996, àwọn tó ń gbìn ín ti tó nǹkan bí 10,000.

Wọ́n á jẹ́ kí àgbàdo lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó gbin wèrèpè sáàárín rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò gùn ún, yóò sì wó o. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò kú fúnra rẹ̀. Ewé gbígbẹ rẹ̀ á wá tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, inú ewé yẹn ni wọ́n ń gbin àgbàdo tuntun sí láìtún ilẹ̀ ro.

Ṣùgbọ́n èso rẹ̀ kò ṣeé sè jẹ bí ẹ̀wà. L-dopa, èyí tí àwọn dókítà fi ń tọ́jú àrùn Parkinson, pọ̀ nínú rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, àjọ Sasakawa Global 2000, tó ń ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́, ń ra èso náà. Nígbà tí ọjà yẹn dín kù, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ pa á tì. N kò bá wọn wí. Ta ni yóò fi ilẹ̀ kékeré tó ní gbin ohun tí ọmọ rẹ̀ kò lè jẹ?

Níbi tí ẹ̀kan kò bá tíì jọba, ẹ̀gúsí àti ọ̀dùnkún tí àwọn àgbẹ̀ wa ń gbin sáàárín iṣu àti àgbàdo tó ohun tí a lè fi bo ilẹ̀. Ibi tó bá ti jọba ni kí a yọ̀ǹda àsìkò kan fún wèrèpè. Ẹni tó bá sì gbin ẹ̀gúsí gbọ́dọ̀ roko lẹ́ẹ̀kan kí ìtàkùn rẹ̀ tó pàdé ara wọn, nítorí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, èpò lágbára jù ú lọ.