Agbo Adìẹ Aláìlárùn àti Àjẹsára Ibà Pọ́njú

Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, adìẹ tí ó ń jẹ̀, tí ó ń yé, tí ìyẹ́ rẹ̀ sì ń dán, adìẹ tí ara rẹ̀ le ni. Bí lúkúlúkú bá jà lásìkò ọyẹ́, tí ó sì dá díẹ̀ sí nínú agbo, inú olówó adìẹ yóò dùn sí èyí tí ó kù. Kò ní bèèrè ohun tí ó fara pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n irú adìẹ kan wà tí ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì jù lọ lórí rẹ̀. Èyí ni adìẹ tí a ń sìn nítorí pé ẹyin rẹ̀ ni a fi ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Àjẹsára ibà pọ́njú jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Ní 1927, láti inú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi, ní Gold Coast tí a mọ̀ sí Ghana lónìí, ni àwọn olùwádìí Àjọ Rockefeller ti rí kòkòrò àrùn náà. Ní New York, Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́ kòkòrò yìí ní àtọ́túntọ́ nínú ẹran ara ọlẹ̀ adìẹ, títí agbára ìpànìyàn rẹ̀ fi wálẹ̀. Ní 1937 ni wọ́n kéde àjẹsára tí à ń pè ní 17D. Títí di òní, inú ẹyin adìẹ tí ọlẹ̀ ti ń sọ ni a ti ń ṣe é.

Ohun tí ó bá wà nínú ẹyin lè bá àjẹsára jáde. Láàárín 1960 sí 1969, àwọn onímọ̀ rí i pé kòkòrò tí ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ fún adìẹ wà nínú àjẹsára 17D. Ìwádìí lórí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ náà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì kò fi hàn pé jẹjẹrẹ pọ̀ sí i láàárín wọn. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí pẹ̀lú kòkòrò mìíràn. Nítorí náà ni a ṣe yíjú sí àgbébọ̀ tí ó yé ẹyin.

Ọ̀nà méjì ni àrùn ń gbà wọ agbo. Ọ̀nà kìíní ni inú ẹyin. Àgbébọ̀ tí kòkòrò jẹjẹrẹ yìí wà lára rẹ̀ lè máa yé láìfi àmì àìsàn kankan hàn, kí ó sì fi kòkòrò náà lé ọmọ lọ́wọ́ kí ẹyin tó kúrò nínú rẹ̀. Fífọ èèpo ẹyin kò lè mú èyí kúrò. Ìyá ni a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò: ẹyin àgbébọ̀ tí ó mọ́ nìkan ni a ń pa, inú ẹ̀rọ ni a sì ti ń pa á. Ọ̀nà kejì ni afẹ́fẹ́, oúnjẹ, omi, eku, ẹyẹ oko àti bàtà olùtọ́jú. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. A ń sẹ́ afẹ́fẹ́ kí ó tó wọlé, a ń fi ooru pa kòkòrò inú oúnjẹ, olùtọ́jú sì gbọ́dọ̀ wẹ̀, kí ó pààrọ̀ aṣọ àti bàtà, kí ó tó wọ ilé adìẹ.

Ohun tí ó lè ya ènìyàn lẹ́nu ni pé a kì í gún adìẹ wọ̀nyí ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí a bá gún wọn, èròjà tí ara wọn fi ń bá àrùn jà yóò wọ inú pupa ẹyin, ó sì lè ba iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ẹyin ṣe jẹ́. Bákan náà, yóò ṣòro fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti fi ìyàtọ̀ hàn láàárín adìẹ tí a gún lábẹ́rẹ́ àti èyí tí àrùn kọ lù. Ilé wọn nìkan ni asà wọn. Ìdí nìyí tí a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò léraléra. Bí àmì àrùn tí a ń ṣọ́ bá hàn lára ẹyọ kan, ẹyin gbogbo agbo náà kò yẹ fún iṣẹ́ yìí mọ́.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ibà pọ́njú tún yọjú ní Ìpínlẹ̀ Kwara, a sì gún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní abẹ́rẹ́ níbẹ̀ láti dá a dúró. Ìyá tí ó na apá ọmọ rẹ̀ fún abẹ́rẹ́ kò mọ agbo tí ẹyin náà ti wá, kò sì sí bí ó ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò. Olùtọ́jú tí ó pààrọ̀ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ni ó ti bá a ṣọ́ ọ.