Abẹ́rẹ́, Síkáànì àti Awò Ojú Dókítà: Ìwé Ìlàlóye fún Aláìsàn àti Ẹni Tó Sìn Ín Wá

Ṣé wọ́n ti ní kí ẹ wá, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú ẹran díẹ̀ nínú ọmú tàbí ẹ̀dọ̀ yín fún àyẹ̀wò ní láàbù? Bí dókítà bá sọ fún yín pé òun yóò lo awò ojú kan fún iṣẹ́ náà, ìwé yìí wà fún yín.

Kí ni awò ojú náà wà fún?

Síkáànì ló ń fọ̀nà han abẹ́rẹ́. Ìró tí etí ọmọ ènìyàn kò lè gbọ́ ni síkáànì ń rán sínú ara. Bí ìró náà bá ti ń ta padà ni kọ̀ǹpútà ń sọ ọ́ di àwòrán. Kò ní ìtànṣán bíi ti x-ray nínú.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ara yín ni ọwọ́ dókítà wà, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ló gbọ́dọ̀ máa wò. Ẹ fojú inú wo aránṣọ tó ń rán aṣọ, tí wọ́n ní kó máa wo ògiri. Ó ti mọ́ àwọn tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lára, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa, àmọ́ kò rọrùn láti kọ́.

Awò yìí ló ń gbé àwòrán wá síbi tí ọwọ́ wà. Augmented reality ni wọ́n ń pe ọgbọ́n náà. Dókítà á máa rí yín bí ẹ ṣe dùbúlẹ̀, á sì tún máa rí àwòrán síkáànì lábẹ́ ibi tó gbé ẹ̀rọ lé gan-an. Kámẹ́rà ń ṣọ́ àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ síkáànì àti abẹ́rẹ́, kí kọ̀ǹpútà lè mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Ẹ̀yin ẹbí tó bá wà nítòsí, ẹ má bẹ̀rù bí ẹ bá rí dókítà tó ń tẹjú mọ́ ibi tí ẹ̀yin kò rí nǹkan kan.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1992, ní Yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill, Henry Fuchs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú rẹ̀ wo ikùn aboyún. Nínú ìdánwò kan tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2002, wọ́n gún ọmú àtọwọ́dá ní ìgbà 50. Abẹ́rẹ́ fi mìlímítà 2.48 yẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kó dé, ní ìpíndọ́gba, nígbà tí dókítà ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó di 1.62 nígbà tó lo awò. Èsì tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọmú àtọwọ́dá kì í mí, ẹ̀yin ń mí.

Ipa tí ẹ̀yin náà ní láti kó

Bí ẹ bá ti mí sínú, ẹ̀dọ̀ yín á sún wálẹ̀. Bí awò bá yẹ̀ lójú dókítà, tàbí tí nǹkan bo àmì yẹn, àwòrán náà lè kúrò ní àyè rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi gbé ojú kọ̀ǹpútà kúrò nílẹ̀: bí àwòrán inú awò àti ti ojú kọ̀ǹpútà kò bá bára mu, ti ojú kọ̀ǹpútà ni kí dókítà tẹ̀ lé. Tí wọ́n bá ní kí ẹ sé èémí, ẹ sé e. Tí ikọ́ bá ń bọ̀, ẹ tètè sọ, kí wọ́n dá ọwọ́ dúró.

Kí ọjọ́ tó pé, ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, pàápàá warfarin, clopidogrel àti aspirin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ẹ má fi àgbo pamọ́. A kò ní bá yín jà. Ẹ má sì dá oògùn kankan dúró láìgba àṣẹ dókítà.

Ẹ lè béèrè bóyá dókítà ti lo awò yìí rí, àti bóyá kámẹ́rà rẹ̀ máa tọ́jú àwòrán yín. Bí ẹ kò bá fẹ́ awò náà, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Síkáànì tí a ti ń lò látijọ́ ṣì wà, ìtọ́jú yín kò sì ní dínkù.

Lẹ́yìn tí ẹ bá délé

Ojú ibẹ̀ lè máa dùn yín díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn tí ẹ tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀, bí inú bá ń run yín gidigidi, tí òòyì ń kọ́ yín, tí ẹ kò lè mí dáadáa, tàbí tí ibà dé, ẹ má dúró de ọjọ́ tí a dá fún yín. Ẹ padà wá lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.