Epo Tí A Fi Ń Fọ Epo: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Fífọ Irin Ẹ̀rọ

Ní àgọ́ àwọn mẹ́káníìkì ní Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, bí a bá tú ẹ́ńjìnì palẹ̀, àṣẹ tí ọ̀gá máa ń pa fún ọmọ-iṣẹ́ kò gùn: “Fi epo fọ̀ ọ́.” Ó yé àwọn méjèèjì, nítorí abọ́ epo wà níwájú wọn. Ṣùgbọ́n bí olùtumọ̀ bá gbé gbólóhùn yìí sínú ìwé, abọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ nìkan ni ó kù.

Ìṣòro kìn-ín-ní wà lára “epo”. Bẹntiróòlù, epo ni. Kẹrosíìnì, epo ni. Ọ́ìlì dúdú tí ó lẹ̀ mọ́ irin náà, epo ni. Ẹni tí ó bá wí pé epo ni a fi ń fọ epo kò ṣẹ̀fẹ̀, nítorí ọ̀rá a máa yọ́ nínú irú rẹ̀, omi lásán kò sì lè ṣí i kúrò. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ tí ọ̀rọ̀ kan yìí bò mọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀mí. Lórí òṣùwọ̀n Celsius, oru bẹntiróòlù lè gbiná bí ó tilẹ̀ tutù tó nǹkan bí ìwọ̀n 40 sísàlẹ̀ òdo. Kẹrosíìnì gidi ní láti gbóná tó bí 38 kí oru rẹ̀ tó lè gbiná. Èkó kì í tutù débi òdo rárá. Nítorí náà, ní gbogbo ọjọ́ ọdún ni oru inú abọ́ bẹntiróòlù ń dúró de iná. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó sì ń fà nílẹ̀ lọ bá iná tí ó wà lókèèrè. Benzene tí ó wà nínú rẹ̀ tún máa ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀.

Ìṣòro kejì ni “fọ̀”. Ìdọ̀tí ara irin tí a fi ẹ̀rọ gbẹ́ kì í ṣe ẹyọ kan: ẹ̀rún irin wà níbẹ̀, ọ̀rá wà níbẹ̀. Ẹ̀rún tíńtín tí ó bá kù nínú bẹ́ríǹgì yóò máa ha á títí yóò fi bàjẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi pín iṣẹ́ náà ní ìpele-ìpele. Ìpele mẹ́rin yìí lè jẹ́ “ìyọ̀rá”, “ìṣànnù”, “ìmúgbẹ” àti “ìfòróróbò”, èyí tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún. Ohun tí a fi ń yọ ọ̀rá yóò jẹ́ “ayọ̀rá”.

Ọ̀rọ̀ náà “ayọ̀rá” kò sọ pé ohun náà kò léwu. Ayọ̀rá ni trichloroethylene, tí àwọn ilé-iṣẹ́ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lò púpọ̀ ní ọ̀rúndún ogún. Ní ìwọ̀n 87 ni ó ń hó. Oru rẹ̀ a di omi lára irin tútù, a sì ṣàn sílẹ̀ tọ̀rá-tọ̀rá. Ní 2012, àjọ àgbáyé tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ kà á mọ́ àwọn ohun tí ń fa àrùn náà.

Kò yẹ kí a sọ “fọ̀” nù. Òun ni orúkọ gbogbo iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìkọ́ni, kí a dárúkọ ìpele, kí a sì dárúkọ epo: “Má ṣe fi bẹntiróòlù ṣe ayọ̀rá.” Ọmọ-iṣẹ́ tí ó bá ka èyí kò ní láti wo abọ́ kí ó tó mọ ohun tí a wí.